Ògiri ilé àtijọ́ tó ń jẹ nísàlẹ̀: ìbéèrè àti ìdáhùn láti Àkúrẹ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ilé ẹbí wa wà ní Ìjọmu. Amọ̀ ni bàbá wa àgbà fi kọ́ ọ, àwọn bàbá wa ló wá fi símẹ́ńtì rẹ́ ẹ níta. Láti ilẹ̀ dé ibi tó ga tó orúnkún, símẹ́ńtì náà ń bó, amọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì ti di lẹ́búlẹ́bú. Bíríkìlà ní ká fi símẹ́ńtì tó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ tún un rẹ́. Kí lẹ rí sí i?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó po símẹ́ńtì kankan. Símẹ́ńtì wà lára ohun tó dá wàhálà yìí sílẹ̀. Ògiri amọ̀ máa ń fa omi láti inú ilẹ̀ bí òwú fìtílà ṣe ń fa epo. Nígbà tó jẹ́ amọ̀ ni wọ́n fi pa á lára, omi tó bá gun ògiri ń ríbi jáde, afẹ́fẹ́ á sì gbé e lọ. Símẹ́ńtì ti dí ojú ọ̀nà yẹn. Omi há sínú ògiri, ó ń gun òkè sí i láti wá ibi tó máa gbà jáde, amọ̀ sì ń rọ̀. Yàtọ̀ síyẹn, amọ̀ máa ń wú bó bá rin, á sì súnkì bó bá gbẹ. Símẹ́ńtì tó le kò lè bá a ṣe é, ló ṣe ń là. Òjò á gba ojú ibi tó là wọlé, kò sì ní ríbi jáde. Bí ẹ bá fi èyí tó le jù rẹ́ ẹ, ńṣe lẹ kàn bo ìjẹrà náà mọ́lẹ̀.

Ìbéèrè: Ohun tó yà wá lẹ́nu ni pé ìgbà ọyẹ́ ló máa ń já jù, kì í ṣe ìgbà òjò. Nǹkan funfun kan sì máa ń hù sí i lára.

Ìdáhùn: Inú mi dùn pé ẹ kíyè sí i, torí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Iyọ̀ ni nǹkan funfun yẹn. Omi ilẹ̀ ń gbé e bọ̀, ó wà nínú símẹ́ńtì fúnra rẹ̀, ó sì máa ń pọ̀ níbi tí ṣáláńgá bá ti sún mọ́ ògiri. Nígbà òjò, ó ti yọ́ sínú omi, kò sì ṣe ògiri ní nǹkan kan. Bí ọyẹ́ bá dé tí omi gbẹ, iyọ̀ á di kóró, á máa ti ara àwọn ihò kéékèèké inú ògiri títí wọn á fi fọ́. Oríṣi kan wà tí wọ́n ń pè ní sodium sulphate: bó bá tún rí omi lẹ́yìn tó ti gbẹ, ó lè wú tó ìlọ́po mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ ló máa ń ṣe lọ́dọọdún, bí òjò ṣe ń lọ tí ẹ̀ẹ̀rùn ń dé.

Ohun kan náà ló ń pa ilé òkúta yanrìn nílẹ̀ òkèèrè. Horo yanrìn tó dì pọ̀ ni òkúta yẹn, ihò wà nínú rẹ̀, omi sì ń wọ̀ ọ́. Iyọ̀ wà lára ohun tó ń jẹ àwọn ilé tí wọ́n gbẹ́ sára àpáta ní Petra, ní Jọ́dánì. Àwọn tó ń tún ilé bẹ́ẹ̀ ṣe ní Yúróòpù náà ti fi símẹ́ńtì dí àárín òkúta rí, òkúta ló jẹ, símẹ́ńtì ló dúró. Ẹfun sísun, tí òyìnbó ń pè ní lime, ni wọ́n padà sí, torí ó rọ̀ ju òkúta lọ, omi sì ń gba inú rẹ̀ jáde. Ohun tí ẹ bá fi tún ògiri ṣe gbọ́dọ̀ rọ̀ ju ògiri lọ, kó lè jẹ́ òun ni yóò jẹ.

Ìbéèrè: Ṣé irú òkúta bẹ́ẹ̀ wà lọ́dọ̀ wa?

Ìdáhùn: Ní ìpínlẹ̀ wa, apá Òkìtìpupa ni ẹ ó ti rí i. Akọ òkúta ló pọ̀ ní Àkúrẹ́ àti Ìdànrè. Amọ̀ ni ilé àtijọ́ tiwa, bíi ààfin àtijọ́ Déjì.

Ìbéèrè: Ibo la ó ti bẹ̀rẹ̀ báyìí?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí omi ti ń wá. Ẹ dúró níta nígbà tí òjò bá ń rọ̀, ẹ wo ibi tí ọ̀ṣọ̀rọ̀ ń bọ́ sí. Bó bá ń ta sí ẹsẹ̀ ògiri, ẹ fa páànù gùn jáde sí i. Ẹ wò ó bóyá ilẹ̀ ìta ti ga ju ilẹ̀ inú ilé lọ. Ó wọ́pọ̀ gan-an níbi tí wọ́n ti ń da iyẹ̀pẹ̀ sójú títì léraléra. Ẹ gbẹ́ ẹ kúrò, kí ẹ sì jẹ́ kó máa rẹlẹ̀ lọ síta. Bí ẹ bá ti da kọnkéré dé ẹsẹ̀ ògiri, ẹ fọ́ eteetí rẹ̀, kí ẹ kó òkúta wẹ́wẹ́ síbẹ̀. Omi ilé ìwẹ̀ náà gbọ́dọ̀ ní gọ́tà tirẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ rọra ṣí símẹ́ńtì tó ti bó kúrò. Èyí tó bá ṣì lẹ̀ pinpin, ẹ má fi òòlù gbá a, torí yóò ya amọ̀ dání. Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni kí ẹ fi gbá iyọ̀, kí ẹ sì kó o dànù; bí ẹ bá fi omi fọ̀ ọ́, inú ló ń padà sí. Ẹ wá po amọ̀ mọ́ yanrìn tó mọ́, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ibẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Á fa iyọ̀ sára. Ẹ họ ọ́ dànù, kí ẹ tún un ṣe títí tí funfun náà kò fi ní pọ̀ mọ́. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó fi amọ̀ tuntun tí ẹ po koríko gbígbẹ mọ́ dí ibi tó jẹ. Ẹ má lo èyí tó já sílẹ̀, iyọ̀ ti kún inú rẹ̀. Bí ìjẹ náà bá ti wọnú ògiri jìnnà, ẹ fi òpó gbé òrùlé ró, kí ẹ pe ẹni tó mọ ilé amọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Ìbéèrè: Ṣé a lè fi pẹ́ńtì olóròóró kùn ún?

Ìdáhùn: Rárá. Ẹfun tí ẹ pò mọ́ omi ni kí ẹ fi kùn ún. Yóò máa ṣá, ẹ ó sì máa tún un kùn. Ní Djenné, ní Màlì, ọdọọdún ni àwọn ará ìlú ń jọ fi amọ̀ pa mọ́ṣáláṣí ńlá wọn, èyí tí wọ́n kọ́ ní 1907.

Ìbéèrè: Àwọn kan nínú ẹbí ní ká wó o, ká fi búlọ́ọ̀kù kọ́ tuntun.

Ìdáhùn: Ó máa dùn mí púpọ̀ bó bá rí bẹ́ẹ̀. Ilé amọ̀ tó ṣẹ́ kù láàárín ìlú wa kò pọ̀ mọ́. Kí ẹ tó fẹnu kò, ẹ so òkúta mọ́ okùn, ẹ jẹ́ kó rọ̀ láti òkè ògiri wá sílẹ̀, kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìgun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ògiri kò bá tẹ̀, tí kò sì là láti òkè délẹ̀, ìsàlẹ̀ nìkan ló ń ṣàìsàn. Ẹ mú ohun tí ẹ rí lọ síwájú ìpàdé ẹbí.