Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí lẹ́tà H gbà lọ́wọ́ mi

Inú ṣì ń bí mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, pẹ̀lú owó epo jẹnẹrétọ̀ tí n kò múra sílẹ̀ fún, ló bá lẹ́tà H kan ṣoṣo lọ nínú yàrá mi ní Tanke, ní Ìlọrin.

Iṣẹ́ mi ni láti pín àwọn hypersurface inú òbìrìkìtì (ojú tí iye ìhà rẹ̀ fi ẹyọ kan dín sí ti àyè tó gbé e) sí ẹ̀yà lábẹ́ ìyípadà Möbius. Ìyípadà yìí lè fẹ nǹkan tàbí kó sún un kì, ṣùgbọ́n kì í ba igun jẹ́. Ọ̀nà tí Changping Wang là ní 1998 ni mo tọ̀: ρ² = n/(n−1)·(|II|² − nH²). Iye ìhà ojú náà ni n; ìwọ̀n ìtẹ̀ ń sọ bó ṣe tẹ̀ ní ìhà kọ̀ọ̀kan; |II|² ni àròpọ̀ wọn lẹ́yìn tí a bá fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ ara rẹ̀ di púpọ̀; H ń sọ bó ṣe tẹ̀ lápapọ̀. Ẹ yọ H kúrò lára ìwọ̀n ìtẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ρ pín in, B dé nìyẹn, ìtẹ̀ tí ìyípadà Möbius kì í yí padà. Kíka ìwé àti kíkọ ìṣirò kò ní ìtàn.

Ìdánwò ló dá mi dúró. Mo mú S¹×S² (òbìrí kan àti ojú bọ́ọ̀lù kan tí a so pọ̀, n jẹ́ 3) inú S⁴, òbìrìkìtì oníhà mẹ́rin, tí rédíọ́ọ̀sì méjèèjì jẹ́ 1/√2. Ìwọ̀n ìtẹ̀ rẹ̀ ni 1, −1, −1. |II|² jẹ́ 3. H tèmi jẹ́ −1, nH² wá di 3. Mo yọ 3 kúrò nínú 3, ó ku òdo! Bí ρ bá jẹ́ òdo, a jẹ́ pé bákan náà ló tẹ̀ síhà gbogbo. Irọ́ ni, 1 àti −1 wà níwájú mi kedere. Mo tún un ṣe títí ilẹ̀ fi mọ́. Mo fura sí àmì, mo fura sí kọ̀ǹpútà. Ọ̀gá mi ní kí n lọ fara balẹ̀.

Èmi fúnra mi ni mo rí i. Ìwé tí mo fi kọ́ H ro àwọn ìtẹ̀ pọ̀ lásán. Ti Wang rò wọ́n pọ̀, ó sì pín in sí n. Kò sí ìkankan nínú àwọn ìwé tó wà lọ́wọ́ mi tó kìlọ̀ pé méjì ni H! H jẹ́ −1/3, nH² di 1/3, 3 − 1/3 jẹ́ 8/3, ìlọ́po 3/2 rẹ̀ jẹ́ 4, ρ jẹ́ 2. B wá jẹ́ 2/3, −1/3, −1/3. Àròpọ̀ wọn jẹ́ òdo, |B|² jẹ́ 2/3 géérégé bó ṣe yẹ. Mo ké Allahu Akbar tí ará yàrá kejì fi yọjú.

Ohun tó dùn mọ́ mi jù tẹ̀lé e: bí rédíọ́ọ̀sì S¹ bá di r mìíràn, B kò yí padà rárá. Ìwọ̀n Möbius, ìyẹn gígùn tí a ti fi ρ sọ di púpọ̀, ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀, torí ó ń sọ rédíọ́ọ̀sì S² di 1/r.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kó kọ́kọ́ dán fọ́múlà wò lára èyí tó mọ ìdáhùn rẹ̀, kó tó kọ ojú ewé ogún bíi tèmi. Ọ̀gá mi ti ní kí n bọ́ sórí àwọn tó ní ìtẹ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mo ti kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé tuntun náà: «H, a ti pín in sí n».