Kí Ẹ Tó Pe Oníṣẹ́, Ẹ Ka Ohun Tí Ẹ̀rọ Ìfọbọ́ Kọ Sójú

Tí ẹ̀rọ ìfọbọ́ bá dúró lójijì, tó kọ lẹ́tà àti nọ́ńbà sójú, ẹ má tíì pa á. Ẹ kọ́kọ́ fi fóònù ya àwòrán rẹ̀. Àwọn tó ń pè mí láti àdúgbò Tokpota àti Djègan-Kpèvi, ọ̀pọ̀ wọn ló ti yọ ọ́ lára iná kí wọ́n tó pè, àmì náà á sì ti lọ. Ìdí mìíràn tí àwòrán fi dára ni pé 5 àti S jọra lójú ẹ̀rọ, òdo àti O náà jọra. Ẹni tó bá ń kà á fún mi lórí fóònù lè ṣì í kà.

Iṣẹ́ àtúnṣe ẹ̀rọ ilé ni mò ń ṣe nítòsí ọjà Ouando, níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Àlòkù láti Yúróòpù ló pọ̀ jù nínú ẹ̀rọ ìfọbọ́ tó ń dé ọ̀dọ̀ mi. Èbúté Kútọnu ni wọ́n ń gbà wọlé, ìwé ìlò wọn kì í sì bá wọn dé. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí gbogbo onílé mọ̀ pé àmì yẹn kì í dárúkọ ẹ̀yà tó bàjẹ́. Ohun tí ẹ̀rọ ń dúró dè tí kò rí ló ń sọ. Tó bá ní omi ò wọlé, ó lè jẹ́ pé ara ẹ̀rọ le koko, omi gan-an ni kò sí. Mo ti rí àwọn tó ra pọ́ńpù tuntun, bẹ́ẹ̀ eegun ẹja ló há sínú ti àtijọ́. Owó tó ṣòfò bẹ́ẹ̀ máa ń dùn mí.

Ẹ wo orúkọ tó wà lára ẹ̀rọ yín, ẹ má lo ìtumọ̀ ti aládùúgbò. E1 lára LG, omi ń jò ni. Lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ Midea tó ń ti Ṣáínà wá, E1 kan náà ń sọ pé omi ò tètè wọlé.

Omi tí kò wọlé ló ń yọ wá lẹ́nu jù níhìn-ín. Bosch àti Siemens á kọ E18, Samsung á kọ 4C tàbí 4E, LG á kọ IE, AEG àti Electrolux á kọ i10. AEG tí kò ní ojú tó ń kọ nǹkan á máa fi iná tó ń ṣẹ́jú sọ ọ́: ẹ̀ẹ̀kan fún omi tí kò wọlé, ẹ̀ẹ̀mejì fún omi tí kò jáde, ẹ̀ẹ̀mẹta fún omi tó ń jò.

Ẹ wò ó bóyá omi SONEB, ilé iṣẹ́ omi ìjọba, ti lọ. Tó bá jẹ́ omi tàǹkì lẹ ń lò, ẹ wo gíga rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ Jámánì ń fẹ́ kí agbára omi tó 0.5 bar, ó kéré tán. Tàǹkì tó fi mítà 3 ga ju ẹ̀rọ lọ, nǹkan bí 0.3 bar ló lè fún un; ó di mítà 5 kó tó pé. Ọ̀nà tó rọrùn láti dán an wò nìyí: ẹ tú rọ́bà ẹ̀rọ ìfọbọ́ kúrò, ẹ gbé korobá lítà 10 sábẹ́ ibi tí omi ti ń jáde, ẹ ṣí i tán pátá. Tí kò bá kún láàárín ìṣẹ́jú kan, omi yín ni kò lágbára tó.

Tó bá kún, ẹ yọ ẹ̀rọ lára iná, kí ẹ wo asẹ́ kékeré tó wà lẹ́nu rọ́bà náà. Yanrìn kànga máa ń dí i, ìpẹtà tó ń bá omi wá lẹ́yìn tó ti lọ tó sì padà náà máa ń dí i. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ tó láti fọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá rí àpótí oníke lẹ́nu rọ́bà náà, ẹ má gé e, ẹ má sì rì í bọ omi. Wáyà iná wà nínú rẹ̀.

Ti omi tí kò jáde ni E24 àti E25 lára Bosch, 5C tàbí 5E lára Samsung, OE lára LG, i20 lára AEG. Ẹ yọ iná, ẹ bu omi tó kù kúrò, ẹ yí asẹ́ ìsàlẹ̀ sí òsì kí ẹ fà á sókè. Ìrẹsì, eegun àti igi ìtayín ni ẹ ó bá níbẹ̀. Lára Bosch, ìdérí kékeré kan wà nínú ihò náà tí ẹ lè fi ṣíbí gbé. Abẹ̀bẹ̀ kékeré tó ń ti omi jáde wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ fi ìdí ṣíbí yí i wò. Ẹ má ti ìka bọ ibẹ̀, gíláàsì tó fọ́ lè wà níbẹ̀. Tí ẹ bá dá ìdérí padà, ẹ tẹ̀ ẹ́ títí á fi dún, torí bí kò bá jókòó dáadáa, E25 á tún yọ. Ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà, bóyá rọ́bà tó ń gbé omi jáde ti ká.

E15 lára Bosch: omi ti dé ìsàlẹ̀ ikùn ẹ̀rọ, ohun kan tó ń léfòó ti tẹ súwíìṣì, pọ́ńpù á sì máa ṣiṣẹ́ láìdákẹ́. Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bèèrè ni, “Màmá, ọṣẹ wo lẹ fi sí i?” Ọṣẹ tí a fi ń fọ abọ́ lọ́wọ́ àti ọṣẹ ìfọṣọ máa ń hó jù. Èyí tó bá hó náà á yọ lábẹ́ ilẹ̀kùn, á sì ṣàn sísàlẹ̀. Tí ọṣẹ ẹ̀rọ ìfọbọ́ bá tán, ẹ fi ọwọ́ fọ abọ́ lọ́jọ́ náà. Ní ti omi tó ti wọlé, ẹ ti omi pa, ẹ yọ iná, kí ẹni méjì gbé e tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀ kí omi lè dà sórí àkísà, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ. Tí E15 bá padà lẹ́yìn èyí, ọ̀nà kan ń jò nínú rẹ̀, oníṣẹ́ ló máa tú u.

E09 lára Bosch ń sọ pé omi kì í gbóná. Ẹ má tú ìyẹn fúnra yín rárá, iná lè gbé yín.

Àmì tó bá padà lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí oníṣẹ́ yín, pẹ̀lú àwòrán nọ́ńbà tó wà létí ilẹ̀kùn ẹ̀rọ. Lára Bosch, E-Nr ni wọ́n kọ síwájú rẹ̀. Nọ́ńbà yẹn la fi ń wá ẹ̀yà tó bá a mu ní Kútọnu.