Bí a ṣe ń fi yánmọtí àti ewé móríńgà rọ́pò methionine nínú oúnjẹ bùróílà

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí ọgbọ́n yìí mọ. Methionine jẹ́ ọ̀kan lára àwọn èròjà tí adìẹ fi ń kọ́ ẹran àti ìyẹ́ ara rẹ̀. Bùróílà, ìyẹn adìẹ tí à ń sìn fún ẹran, tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ń fẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 500 methionine nínú oúnjẹ kílò 100. Àgbàdo àti sóyà kò lè kó o jọ, ewé kankan kò sì lè dí àlàfo náà. Ẹ máa ra methionine oníyẹ̀fun yín fún wọn. Bí ẹ bá fi dù wọ́n, ara ìyẹ́ lẹ ó ti rí i: ẹ̀yìn wọn á pá, wọn á sì máa ṣa ìyẹ́ ara wọn jẹ. Ó di ìgbà tí wọ́n bá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tí ohun tí wọ́n ń fẹ́ ti wálẹ̀ sí nǹkan bíi gíráàmù 320, kí a tó bẹ̀rẹ̀ tiwa. Ẹni tó ń sin adìẹ Kérésì dé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ló máa jẹ èrè rẹ̀ jù.

Yánmọtí ló ń ṣe iṣẹ́ yìí gan-an. Ewé kàn ń bá a gbé e lẹ́sẹ̀ ni. Kéèkì yánmọtí, èyí tó kù lẹ́yìn tí wọ́n bá fún epo rẹ̀ tán, ní methionine tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti kéèkì sóyà. Àmọ́ lysine rẹ̀, èròjà mìíràn tí adìẹ fi ń kọ́ ẹran ara, kéré, ti sóyà sì pọ̀, nítorí náà ẹ má yọ sóyà kúrò. Lọ́dọ̀ àwọn Hausa tó ń ta ọkà, "rídí" ni kí ẹ béèrè. Bí kò bá sí kéèkì, ẹ ra hóró, ẹ yan án díẹ̀ kí ẹ tó lọ̀ ọ́, kí ẹ má sì fi epo pupa sí i mọ́, torí nǹkan bí ìdajì hóró náà epo ni. Agbára rẹ̀ kò tó ti kéèkì, ẹ má tan ara yín.

Ewé ni wàhálà. Ẹ já a láàárọ̀ tí ìrì bá ti gbẹ, kí ẹ sì fọwọ́ ya ewé kúrò lára igi rẹ̀. Mo ti rí ẹni tó gé ẹ̀ka mọ́ ewé lọ sí ẹ̀rọ; igi lásán ló fún adìẹ jẹ. Ewé tútù kílò 4 sí 5 ló ń di kílò kan tó bá gbẹ.

Abẹ́ òjìji ni kí ẹ sá a sí. Oòrùn gangan máa ń sọ ọ́ di pípọ́n, oore inú rẹ̀ á sì lọ. Ẹ tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí atẹ́gùn lè máa gba abẹ́ rẹ̀. Àwọ̀n ẹ̀fọn àtijọ́ tí mo fi kọ́ sórí ọparun mẹ́rin ni mo ń lò. Kò sí irinṣẹ́ tó sàn jù ú lọ. Lásìkò ọyẹ́, ọjọ́ mẹ́ta ti tó. Lásìkò òjò, èmi kì í sá ewé rárá.

Ibi tí wọ́n ti ń bà á jẹ́ ni bí wọ́n ṣe ń kánjú kó o sápò. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ fún un: bí ó bá dún ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀ tó sì fọ́ wẹ́wẹ́, ó ti gbẹ. Bí ó bá rọ̀ bí aṣọ, ẹ dá a padà. Aládùúgbò mi kan di tirẹ̀ sápò nírọ̀lẹ́, ó ní ó ti gbẹ tó. Lọ́jọ́ kẹrin tó ki ọwọ́ bọ àpò, àárín rẹ̀ gbóná bí ara ẹni tí ibà ń ṣe, èébu funfun sì ti bò ó. Ó ní òun á tún un sá. Èébu kì í tán nípa sísá, májèlé tó ti tú síbẹ̀ ń bẹ níbẹ̀. Ẹ dà á nù.

Fún kílò 100: àgbàdo kílò 60, kéèkì sóyà 22, kéèkì yánmọtí 8, ewé lílọ̀ 3, epo pupa 2.5, eérú eegun 3, òkúta ẹfun lílọ̀ 1, iyọ̀ àti prímíìsì (àpòpọ̀ fítámì àti mínírà) ìdámẹ́rin kílò ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fi eegun ṣahun, èèpo yánmọtí máa ń di kálísíọ̀mù mọ́wọ́. Ewé kò gbọ́dọ̀ kọjá kílò 5. Bí ó bá pọ̀ jù, adìẹ kì í sanra. Ẹ kọ́kọ́ po ewé mọ́ àgbàdo díẹ̀ kí ẹ tó dà á sí ìyókù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á ṣù síbi kan.

Ẹ fi ọjọ́ mẹ́rin pò ó mọ́ oúnjẹ àtijọ́, torí adìẹ máa ń fura sí ohun aláwọ̀ ewé. Tó bá yá, ẹsẹ̀ àti awọ wọn á pupa rúsúrúsú. Bí oníbàárà bá béèrè, ẹ sọ fún un pé ewé ni.