₦168,480 lórí ẹ́dítọ̀: ìrírí mi pẹ̀lú Sublime Text

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kínú mi lè rọ̀. Ẹ́dítọ̀ tí wọ́n kọ $99 sí lára, ₦168,480 ló jáde lápò mi lórí ẹ̀. Dọ́là wà ní nǹkan bíi ₦1,500 nígbà yẹn, ẹ ṣírò ẹ̀ wò, ₦148,500 ló yẹ kó jẹ́, ìyókù àwọn oníkáàdì ló gbé e mì, màá dé orí tiwọn. ₦70,000 nìjọba fi ṣe owó oṣù tó kéré jù láti 2024, ẹni tó ń gba iye yẹn á kó owó oṣù méjì jọ láì ra búrẹ́dì, kò sì tíì ní tó o rà. Ìyá mi bi mí pé kí ni mo rà tó wọ́n tó yẹn, mo ní ohun tí mo fi ń kọ kọ́ọ̀dù ni mà, wọ́n ní "Kọ̀ǹpútà tó o rà lówó gọbọi yẹn, ṣé kò sí ibi ìkọ̀wé nínú ẹ̀ ni?" Ó wà níbẹ̀ mà. Mi ò rí nǹkan míì sọ.

Kò kúkú wù mí láti náwó. Iṣẹ́ Alhaja kan tó ń ta léèsì àti aṣọ òkè ní Balógun ló fà á, èmi ni mò ń bójú tó wẹ́bùsáìtì wọn láti Yábàá níbí. A kó wẹ́bùsáìtì náà kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀, bá a ṣe dé ibi tuntun, gbogbo àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀ ti dàrú. "Aṣọ òkè" ti di "Aá¹£á» Ã²kÃ¨". Ẹni tó bá ń fi Yorùbá ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ti mọ ọ̀tá yìí: ẹnì kan níbì kan ló ka UTF-8 (ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà lóde òní) bíi pé Windows-1252 (ọ̀nà àtijọ́ tí kò ní ṣ àti ọ) ni, ṣ kan ṣoṣo tó jẹ́ báìtì mẹ́ta nínú fáìlì bá fọ́ sí lẹ́tà mẹ́ta. Ọ ló tún wá le jù, torí báìtì tó kẹ́yìn nínú ọ kékeré ò ní lẹ́tà kankan ní Windows-1252, níbì kan ó farapamọ́ síbẹ̀ tó ò lè rí i, níbòmíì ó ti pòórá pátápátá. Nítorí náà ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi pé kí n kàn fi sed, àṣẹ kan tó ń pààrọ̀ ọ̀rọ̀ nínú fáìlì, yí gbogbo ẹ̀ padà ní ìlà kan, mo ní láti fojú ara mi rí ohun tí mò ń pààrọ̀. Fáìlì SQL tí gbogbo ọ̀rọ̀ wẹ́bùsáìtì náà wà nínú ẹ̀ sì lé ní 400 MB.

4 GB ni RAM laptop mi, Ubuntu ló wà lórí ẹ̀. VS Code, ẹ́dítọ̀ ti Microsoft, ni mo kọ́kọ́ fi ṣí i. Fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í ké, máòsì ò rìn mọ́, mo lọ jẹun mo dé, ibi tí mo fi í sí ló ṣì wà. Mi ò bú VS Code o, ọ̀fẹ́ ni Microsoft ń fún wa láti 2015, mo sì ń lò ó títí dòní. Ṣùgbọ́n Electron ni wọ́n fi kọ́ ọ, ìyẹn ni pé odidi Chromium, ohun kan náà tó wà nídìí Chrome tẹ́ ẹ fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì, ló gbé sínú, o ò tíì ṣí fáìlì kankan, RAM ti ń lọ. Bí fáìlì bá tún wá tóbi kọjá bó ṣe yẹ, òun fúnra ẹ̀ á pa àwọn nǹkan kan, àwọ̀ kọ́ọ̀dù á lọ. Mo wá rántí Sublime Text tó ti wà lórí laptop yẹn tipẹ́ tí mi ò kà á sí. Ìlà kékeré kan ń rìn nísàlẹ̀ pé òun ń gbé fáìlì bọ̀, mo ṣe sùúrù díẹ̀, fáìlì yọ. Mo sàmì sí "á¹£" kan, mo tẹ Alt+F3, gbogbo ẹgbẹ́ ẹ̀ tó wà nínú fáìlì tàn yẹ́ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kọ́sọ̀ wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, mo tẹ ṣ, gbogbo wọn di ṣ. Ariwo tí mo pa, aládùúgbò mi rò pé NEPA ti mú iná dé ni.

Sublime Text kì í lé èèyàn ná. Jon Skinner tó fi iṣẹ́ Google sílẹ̀ ló gbé e jáde ní 2008, Sydney ní Ọsirélíà ni ilé iṣẹ́ wọn wà, o lè máa lò ó láì sanwó, wọn ò dá ọjọ́ fún ẹ. Kìkì pé bó o bá ṣe ń tọ́jú fáìlì, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bọ́ọ̀kìsì kan á yọ pé o ò tíì rà á o, ṣé wàá rà á báyìí? O tẹ Cancel, ó lọ. Kò sí wàhálà, àfi lọ́jọ́ tí mo gbé laptop sọdá Third Mainland lọ sí ṣọ́ọ̀bù Alhaja pé kí wọ́n wá wo bí orúkọ ọjà wọn ṣe ti dáa. Bí mo ṣe tọ́jú fáìlì níwájú wọn, bọ́ọ̀kìsì yọ. Alhaja gbé gíláàsì sójú, wọ́n kà á sókè látòkè délẹ̀. Wọ́n ní "Wọ́n ní kó o wá rà á. Ṣé nǹkan onínǹkan lo fi ń ṣiṣẹ́ mi?" Mo ní rárá o mà, wọ́n gbà wá láyè ká máa tọ́ ọ wò ni. "Láti ìgbà wo lo ti ń tọ́ ọ wò?" Mo dákẹ́. Wọ́n ní "Ẹni tó tọ́ ẹ̀wà wò tó yó, kò tíì jẹun náà nìyẹn?" Àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Inú bí mi, ṣùgbọ́n irọ́ ò sí níbẹ̀.

Mo wá jókòó tì í. Lọ́nà kan, $99 yẹn ò jẹ́ ti oṣooṣù. O san án lẹ́ẹ̀kan, ọdún mẹ́ta lo fi máa gba gbogbo ẹ̀dà tuntun tó bá jáde, bí ọdún mẹ́ta bá pé, èyí tó wà lọ́wọ́ ẹ ò ní kú, tìẹ náà ni, àfi tó o bá fẹ́ tuntun. Ìwọ ni wọ́n sì fún láṣẹ, kì í ṣe kọ̀ǹpútà, o lè fi sórí Linux nílé, Windows níbi iṣẹ́, Mac tí ẹnì kan yá ẹ. Lójú tèmi ìyẹn ló sún mi débẹ̀, torí ohunkóhun tó bá ń gé dọ́là lóṣooṣù lórílẹ̀-èdè yìí, ẹ̀rù ẹ̀ ń bà mí. Ẹ rántí pé ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, iye tí wọ́n kọ sí báǹkì fún dọ́là kan ò tíì pé ₦500, ẹ wo ibi tá a wà báyìí. Lọ́nà kejì, Sublime ò ní terminal (ibi tí èèyàn ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà) nínú, kò ní ohun tí èèyàn fi ń tọpa àṣìṣe inú kọ́ọ̀dù, o máa fọwọ́ ara ẹ lọ wá àfikún kan tí wọ́n ń pè ní LSP fi sí i kó tó máa ràn ẹ́ lọ́wọ́ bíi VS Code. Ẹni tó bá ń fi JavaScript jẹun látàárọ̀ dalẹ́, mi ò rí ìdí tó fi máa san irú owó yìí. Àwọn kan ní ọ̀fẹ́ ni ọ̀fẹ́ ń jẹ́, mo ní ẹ rọra, Atom, ẹ́dítọ̀ míì, náà ọ̀fẹ́ ni, GitHub gbé e jáde ní 2014, wọ́n pa á ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá 2022, àwa tá a ti tò ó bá a ṣe fẹ́ ló wá ń wá ibi gbé e sí. Notepad++ dáa, ó ti wà láti 2003, ṣùgbọ́n Windows ni wọ́n ṣe é fún.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n kọjá sí Computer Village n'Íkẹjà, pé wọ́n á bá mi já a ní owó péréte, kó máa ṣiṣẹ́ bíi pé mo rà á. Kí ẹnì kan tí mi ò mọ̀ fọwọ́ kan fáìlì tó ń ṣí dátà oníbàárà mi? Ẹ ṣé o.

Ríra ẹ̀ wá nibi tí orí mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́. Káàdì náírà mi, lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n kọ̀ ọ́. Láti 2022 làwọn báǹkì ti ń gé iye tí èèyàn lè fi káàdì náírà ná lókè òkun, wọ́n gé e dé $20 lóṣù, ọ̀pọ̀ wọn wá tì í pa, àwọn kan sì ti ń ṣí i padà. Báǹkì tèmi fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ pé àwọn ti ṣí i. Orí fóònù ló ti ṣí o. Mo pe kọ́sítọ́mà kíà, ó ní "ẹ gbìyànjú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i sà". Mo lọ bá wọn lórí Herbert Macaulay, wọ́n ní kí n kúkú ṣí akáǹtì dọ́là, wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù pé kí n lọ wá ẹni méjì tó ní current account kí wọ́n fọwọ́ sí i pé àwọn mọ̀ mí. Torí $99! Ta ni mo fẹ́ lọ kúnlẹ̀ fún pé ẹ wá ṣe onídùúró mi, mo fẹ́ ra ẹ́dítọ̀?

Ẹ̀gbọ́n kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní Sábó ní kí n lọ gba káàdì dọ́là orí fóònù. Mo gba áàpù náà, ó ní BVN, mo fún un. Ó ní kí n ya ojú mi. Alẹ́ ni, iná ò sí, àbúrò mi gbé tọ́ọ̀ṣì sókè, áàpù ní yí ojú sọ́tùn-ún, mo yí i, yí ojú sósì, mo yí i, ṣẹ́jú, mo ṣẹ́ ẹ, ó ní òun ò rí mi dáadáa, ká tún bẹ̀rẹ̀. Àbúrò mi ń rẹ́rìn-ín, ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n, ojú mi tún wá ń jó lórí fóònù, ó kọ̀ ọ́ padà. Nígbà tó gbà, wọ́n gba $3 owó káàdì, ₦1,560 ni wọ́n sì ń ka dọ́là sí, ẹ máà bi mí ibi tí wọ́n ti rí i. Mo fi $100 sí i, mo ní kẹ́jọ́ tán.

Ẹjọ́ ò tán. Mo sanwó, wọ́n kọ̀ ọ́. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá kọ̀ ọ́, áàpù á gé àádọ́ta sẹ́ǹtì, owó ìkùnà ni wọ́n pè é. Káàdì wọn ló kùnà, èmi ni mò ń sanwó ìkùnà! Kí n tó mọ̀, ohun tó wà níbẹ̀ ò pé $99 mọ́, mo ní kí n fi $1 kún un, wọ́n ní $5 ló kéré jù. Mo kọ̀wé sí wọn, ẹnì kan ń dá mi lóhùn pé àwọn mọ bó ṣe ń dùn mí tó. Ẹ ò mọ̀ ọ́n jàre. Ẹ̀gbọ́n ló pariwo pé kí n má dán an wò mọ́, tó bá kùnà jù wọ́n á pa káàdì náà tòun ti owó inú ẹ̀, ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó tẹ káàdì, ó tún tẹ ibì kan tó dà bí àwòrán lásán, àdírẹ́ẹ̀sì Amẹ́ríkà kan yọ. Èmi tí mi ò kọjá Kútọnu rí, mo ní àdírẹ́ẹ̀sì l'Ámẹ́ríkà, òun ni káàdì ń retí, kì í ṣe ti Yábàá, kò sì sí ibì kankan tí wọ́n ti sọ fún èèyàn. Mo kọ ọ́ sí i, owó wọlé, ímeèlì dé kí n tó mí.

Fífi í sí i ò ní ìtàn: Help, Enter License, kó gbogbo ẹ̀ látorí ìlà BEGIN LICENSE dé ìlà END LICENSE, má yọ ìkankan.

Ṣé ó tó owó ẹ̀? $99, ó tó o, fún irú èmi. Fáìlì ńlá ò dẹ́rù bà mí mọ́, laptop mi sì ń pẹ́ kí bátìrì tó kú, iṣẹ́ tí mo ti fi lé àwọn míì lọ́wọ́ nítorí RAM, mo ti ń gbà á padà. ₦168,480, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ báyẹn. Ohun kan ṣì ń dùn mí: tó o bá wá "ẹ́" nínú ẹ̀, ó lè ní kò sí, bẹ́ẹ̀ ojú ẹ ń wò ó. Kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ẹ́ ní Unicode, ìyẹn ètò tó ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, ẹnì kan á tẹ ẹ kó wá fi àmì sí i, ẹlòmíì e lásán ló máa tẹ̀ kó wá fi àmì méjèèjì tẹ̀ lé e, ojú ò mọ ìyàtọ̀, ẹ́dítọ̀ mọ̀ ọ́n. VS Code náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi, ṣùgbọ́n òun ò gbowó. Python, èdè kọ́ọ̀dù kan, ni mo fi ń sọ gbogbo ẹ̀ di ọ̀nà ìkọ kan ṣoṣo kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ẹni tó bá fẹ́ rà á, kó kọ́kọ́ fi fáìlì tó wúwo jù nínú iṣẹ́ ẹ̀ dán an wò lọ́fẹ̀ẹ́, tí VS Code bá gbé e, kó jókòó jẹ́ẹ́. Tó o bá sì ní ará Ìlú Ọba tó lè bá ẹ san án, fi náírà sákáǹtì màmá ẹ̀ níbí, má wulẹ̀ wọ áàpù kankan. Dọ́là mẹ́rin ló kù sínú tèmi, wọ́n ní kò tíì tó iye tí wọ́n lè jẹ́ kí n yọ, wọ́n sì ti kọ ọ́ pé àwọn á máa gé $1 lóṣooṣù fún ìtọ́jú káàdì. Ẹni tó bá mọ nǹkan gidi tí wọ́n ń tà ní $3, kó tètè sọ fún mi kóṣù tó parí.