Ìgò kan lálẹ́: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ọtí níwọ̀nba

Ìbéèrè: Ìgò bíà ńlá kan péré ni mo ń mu bí mo bá ti kúrò ní ṣọ́ọ̀bù ní Òkèsà, níbí ní Iléṣà. Oúnjẹ alẹ́ mi ò tó nǹkan, síbẹ̀ ikùn mi ń yọ. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ ká wọn ohun tó wà nínú "péré" yẹn ná. Ìgò 60cl tí wọ́n kọ 5% sí lára ní ojúlówó ọtí 3cl nínú, bíi gíráàmù 24. Gíráàmù 14 ni Amẹ́ríkà ń kà sí ọtí kan, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mu méjì nìyẹn. Kálórì 7 ló wà nínú gíráàmù ọtí kan, ọtí inú ìgò yẹn nìkan sì ti sún mọ́ 170, a ò tíì ka ti ọkà tí wọ́n fi pọn ọ́n.

Kálórì kọ́ ló le jù níbẹ̀. Ara ò ní ibi tó lè kó ọtí pa mọ́ sí, àfi kí ẹ̀dọ̀ yára pa á run. Ó dà bíi télọ̀ tí oníbàárà kan wá jókòó tì nígbà tí ọdún ku ọ̀la: aṣọ gbogbo ẹni yòókù á dúró. Nǹkan bíi gíráàmù 7 sí 10 ni ẹ̀dọ̀ ń rí ṣe ní wákàtí kan, ìgò yín á gbà á ní bíi wákàtí mẹ́ta. Títí ó fi máa ṣe tán, ọ̀rá inú ọbẹ̀ tí ẹ fi jẹyán lọ́sàn-án kò rẹ́ni dá a lóhùn, ló bá di ikùn.

Ẹ bọ́ sí ìgò 33cl (gíráàmù 13), ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó mu ún, kẹ́ ẹ sì fi ọjọ́ mẹ́rin sílẹ̀ láìmu lọ́sẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, ẹ fi tépù wọn ikùn lójú ìdodo.

Ìbéèrè: Ẹmu ńkọ́? Ṣebí ti inú igi ni.

Ìdáhùn: Ti inú igi ni, ṣùgbọ́n aago ló ń pọn ọ́n. Èyí tí adẹ́mu ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀, ṣúgà ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ìwúkàrà, pàápàá gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ àná tí wọn ò fọ̀ kúrò nínú akèrègbè, ń sọ ṣúgà yẹn di ọtí. Ìfófòó tó ń hó lójú rẹ̀ ni ẹ̀rí. Nírọ̀lẹ́, ó lè le tó bíà.

Ìbéèrè: Sátidé nìkan ni mo ń mu, ìgò ńlá mẹ́rin lóde àríyá. Kí ló dé tí ọ̀fìnkìn ń mú mi lẹ́yìn rẹ̀?

Ìdáhùn: Ìgò mẹ́rin lórí ìjókòó kan kì í ṣe ìwọ̀nba, ì báà jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Gíráàmù 96 ni. Irun wẹ́wẹ́ tó ń gbá ìdọ̀tí kúrò lọ́nà ọ̀fun á lọ́ra, sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ ò ní tètè dé ibi tí kòkòrò àrùn wà. Ààbò ara lè rẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún wákàtí 24. Ká má purọ́ mọ́ ọtí ṣá: èrò inú gbọ̀ngàn àti ife tí ẹ jọ ń mu náà lọ́wọ́ nínú ẹ̀.

Ìbéèrè: Ògógóró díẹ̀ tí wọ́n re egbò sí ń lé àìsàn, àbí?

Ìdáhùn: Rárá. Egbò kì í dín ọtí kù, 5cl tó bá jẹ́ 40% ti tó gíráàmù 16. Lóṣù kìn-ín-ní 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n ọtí tí a lè pè ní aláìléwu.

Ìbéèrè: Glibenclamide ni bàbá wa ń lò sí àtọ̀gbẹ. Wọ́n mu ìgò kan láìjẹun. Ní ìdájí, òógùn bò wọ́n, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, ọ̀rọ̀ wọn ò já gaara. Ṣé ọtí ló ń pa wọ́n?

Ìdáhùn: Ó jọ pé ṣúgà ara wọn ló já wálẹ̀. Lóru tí èèyàn ò jẹun, ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀. Ọtí, oníbàárà tó jókòó ti ẹ̀dọ̀ yẹn, ò jẹ́ kó ráyè, glibenclamide sì ń fa ṣúgà wálẹ̀ lọ. Ẹ fi ẹ̀rọ tó ń wọn ṣúgà wò ó lórí ìka. Bí kò bá tó 70 mg/dl, tàbí tí kò sí ẹ̀rọ nílé, ẹ fún wọn ní ṣúgà oníhóró mẹ́rin nínú omi, tàbí mínírà 15cl. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, ẹ tún wò ó. Bí kò bá gòkè, ẹ tún un fún wọn. Bó bá gòkè, ẹ fún wọn lóúnjẹ, kẹ́ ẹ sì gbé wọn lọ fún àyẹ̀wò lọ́jọ́ náà, torí oògùn yẹn ń pẹ́ lára, ṣúgà lè tún já. Bí wọn ò bá lè gbé nǹkan mì, ẹ má da ohunkóhun sí wọn lẹ́nu: ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn Wesley Guild lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ sì mú páálí oògùn náà dání.