Má jẹ́ kí fóònù jẹ mẹ́gà rẹ mọ́ ọ lójú

Ẹ ra mẹ́gà láàárọ̀ ní Kétu, kó tó di ọ̀sán ó ti tán, bẹ́ẹ̀ ẹ ò wo fídíò kankan. Ó lè jẹ́ pé Play Store ló ń tún áàpù ṣe lábẹ́lẹ̀. Áàpù kan ṣoṣo lè gba 100 mẹ́gà.

Ẹ ṣí Play Store, ẹ tẹ àwòrán yín lókè lápá ọ̀tún. Bí fóònù yín bá ń sọ Faransé, ẹ wọ Paramètres, lẹ́yìn náà Préférences réseau. Níbi mise à jour automatique (àtúnṣe áàpù tó ń ṣe ara rẹ̀), ẹ yan Wi-Fi nìkan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á pátápátá: àtúnṣe wọ̀nyí ló ń dí ihò tí olè ń gbà wọlé, pàápàá lórí áàpù tí owó yín wà.

WhatsApp náà ń jẹ mẹ́gà gan-an, torí ó lè máa gba fídíò àti fọ́tò wọlé fúnra rẹ̀. Ẹ wọ Paramètres, Stockage et données. Lábẹ́ données mobiles, ẹ yọ àmì kúrò lórí fídíò, fọ́tò àti ohùn. Ẹ ó máa fọwọ́ tẹ èyí tó bá wù yín.

Àtúnṣe fóònù fúnra rẹ̀ lè ju 1 gíìgà lọ. Ẹ gbé e dé ibi tí Wi-Fi wà, kí bátìrì má dín ní 50%, kí àyè sì wà nínú fóònù, torí bí àyè ò bá tó, kò ní wọlé.

Ẹ ṣọ́ra fún hotspot ọ̀rẹ́ (mẹ́gà tó ń pín fún yín láti inú fóònù rẹ̀) o! Wi-Fi ni fóònù yín lè kà á sí, kó sì máa fa mẹ́gà onímẹ́gà.