Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi dókítà kí ẹ tó fọwọ́ sí ìtọ́jú oníná fún ọpọlọ

Bí dókítà bá sọ fún ẹbí pé òun fẹ́ fi iná mànàmáná tọ́jú ọpọlọ èèyàn wọn, ẹni tí iná gbé ni ó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ nínú wa. Ẹ̀rù náà kò ṣàjèjì, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ó pa ìbéèrè mọ́ yín lẹ́nu. Àwọn ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí ẹ béèrè kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, àṣìṣe àwọn oníṣègùn tí ó ti ṣe é ṣáájú ni ó sì bí èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn.

Ẹ kọ́kọ́ béèrè irú ìtọ́jú tí ó jẹ́, nítorí pé orúkọ kan náà ni a ń pe ohun tí ó yàtọ̀ síra. Apẹja tí ó bá ti fọwọ́ kan òjìjí nínú àwọ̀n rí mọ̀ bí apá ṣe ń kú títí dé èjìká. Irú agbára bẹ́ẹ̀ ni Scribonius Largus, oníṣègùn ará Róòmù, ń lò ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì sẹ́yìn, nígbà tí ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí a gbé ẹja òkun kan láàyè lé ibi tí orí ti ń fọ́ aláìsàn, títí ibẹ̀ yóò fi kú. Lóde òní, mẹ́ta ni ẹ ó máa gbọ́ jù: ECT, tí a fi ń mú kí gìrì mú aláìsàn nínú oorun, DBS, tí a fi iṣẹ́ abẹ ri wáyà tín-ínrín sínú ọpọlọ, àti TMS, tí a kàn ń gbé ẹ̀rọ bíi mágínẹ́ẹ̀tì lé orí láìsí abẹ́rẹ́ oorun.

Bí ó bá jẹ́ ECT, tí a sábà máa ń lò fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tí ó le gan-an, ẹ béèrè bóyá wọn yóò fún un ní abẹ́rẹ́ oorun àti oògùn tí ń mú kí iṣan dẹ̀. Bí wọ́n bá ní rárá, ẹ má fọwọ́ sí i. Ìtàn rẹ̀ nìyí. Ní ọdún 1934, ní Budapest, ní ilẹ̀ Hungary, dókítà kan tí ń jẹ́ Meduna bẹ̀rẹ̀ sí í fi abẹ́rẹ́ fa gìrì fún àwọn aláìsàn ọpọlọ, nítorí pé ó gbà pé gìrì lè lé àìsàn náà lọ. Dókítà Ugo Cerletti ní Róòmù ń wá ọ̀nà mìíràn láti fa gìrì yìí, ó sì gbọ́ pé iná ni wọ́n fi ń pa ẹlẹ́dẹ̀ ní ilé ìpẹran ìlú náà. Ó lọ wò ó fúnra rẹ̀. Ó rí i pé wọ́n á fi ẹ̀mú irin oníná há ẹran náà ní ẹ̀bátí méjèèjì, gìrì á gbé e ṣubú, alápatà á sì dúńbú rẹ̀ kí ó tó ta jí. Iná kọ́ ni ó ń pa á, ọ̀bẹ ni.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1938, Cerletti àti Lucio Bini, tí ó ṣe ẹ̀rọ náà, gbé iná lé orí ọkùnrin kan tí ọlọ́pàá mú wá láti ibùdókọ̀ ojú irin, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já gaara. Iná àkọ́kọ́ kò tó láti fa gìrì. Bí wọ́n ti ń jíròrò bóyá kí àwọn tún un ṣe, ọkùnrin náà sọ̀rọ̀ ketekete pé kí wọ́n má ṣe èkejì, pé yóò pa òun. Wọ́n ṣe é. Ní ọdún wọ̀nyẹn, ojú aláìsàn máa ń là sílẹ̀ títí iná yóò fi dé, gìrì náà sì máa ń le débi pé eegun ẹ̀yìn ẹlòmíràn ń ṣẹ́. Oògùn tí ń mú iṣan dẹ̀, tí ó gbilẹ̀ láti àwọn ọdún 1950, ni ó gbà wọ́n. Lónìí, ó lè jẹ́ pé ìka ẹsẹ̀ nìkan ni nọ́ọ̀sì yóò rí tí ń mì.

Ohun tí ọkùnrin ibùdókọ̀ yẹn sọ ni ó mú kí n gbà pé ìbéèrè nípa àṣẹ ju gbogbo ìbéèrè yòókù lọ. Ó tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ ní Cincinnati, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ọdún 1874, níbi tí dókítà Roberts Bartholow ti ki abẹ́rẹ́ oníná bọ ọpọlọ obìnrin kan tí egbò ti jẹ agbárí rẹ̀. Gìrì gbé e, ó sì kú ní ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà. Nítorí náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ aláìsàn fúnra rẹ̀ bí ó bá lè sọ̀rọ̀, ẹ sì béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá ẹ lè dá ìtọ́jú náà dúró láàárín, nítorí pé ECT kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan: ẹ̀ẹ̀mẹ́fà sí ẹ̀ẹ̀méjìlá ni ó sábà máa ń jẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀.

DBS ní ìbéèrè tirẹ̀. Ní Grenoble, ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n máa ń jó tẹ́lẹ̀ ibì kan nínú ọpọlọ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, wọ́n á sì fi iná dán ibẹ̀ wò kí wọ́n tó jó o. Dókítà Alim Louis Benabid ṣàkíyèsí pé bí iná náà bá ń lù ní nǹkan bí ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ọwọ́ náà á dúró jẹ́ẹ́. Bí ó bá pa iná náà, ọwọ́ á tún máa gbọ̀n. Ní ọdún 1987, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà náà sílẹ̀ nínú orí dípò kí wọ́n jó nǹkan kan. Kò wo àìsàn Parkinson, tí ń mú kí ara gbọ̀n kí ó sì le, sàn, ó kàn ń mú gbígbọ̀n àti líle ara rọlẹ̀ ni, bátìrì rẹ̀ sì wà lábẹ́ awọ àyà. Ẹ béèrè ọdún tí bátìrì yóò lò, ta ni yóò pààrọ̀ rẹ̀, àti ìlú wo ni ẹni tí ó mọ̀ ọ́n tún ṣe wà. Fún TMS, tí Anthony Barker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní Sheffield, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 1985, ẹ sọ fún wọn bí irin kankan bá wà nínú orí aláìsàn.

Ẹ̀rọ tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé kí ẹ so mọ́ orí nílé, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tí ń tà á.

Bí ẹ bá ti gbà fún ECT, ẹ má fún aláìsàn ní oúnjẹ láti òru ọjọ́ tí ó ṣáájú, gẹ́gẹ́ bí wọ́n bá ti pàṣẹ. Ó lè gbàgbé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ tí ó yí ìtọ́jú náà ká, nítorí náà ẹ ra ìwé kékeré kan fún un ṣáájú, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà, iye tí ó dá sí àjọ, àti orúkọ àwọn tí ó jẹ ẹ́ lówó ọjà.